Bí Ọwọ́ Bá Ń Gbọ̀n, Láádá Kò Dúró



   Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ènìyàn láti inú amọ̀, tó sì mọ ohun tó fi sínú rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Láti ìgbà tí oṣù ti lé ni a ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nípa sùúrù, nípa sàráà, nípa Kùránì kíké. Lónìí, ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó jókòó sórí àga ní ìpẹ̀kun ìlà ìrun, tí ọwọ́ rẹ̀ kan ń gbọ̀n lórí itan. Ó lè jẹ́ bàbá yín. Ó lè jẹ́ màmá yín. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Orúkọ àìsàn náà ni Parkinson. Ìdí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi kàn wá nínú Rámádáànì ni pé oṣù yìí gan-an ni àwọn kan nínú wọn máa ń fi oògùn sílẹ̀, kí wọ́n lè gbààwẹ̀ bí wọ́n ti ń gbà á láti kékeré. Ewu ńlá ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́hun kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara?

Ní ọdún 1817, oníṣègùn kan tó ń gbé ní Hoxton nílùú Lọ́ńdọ̀nù, James Parkinson, kọ ìwé kékeré kan nípa ènìyàn mẹ́fà tí ó ṣàkíyèsí. Ojú títì lásán ló ti rí àwọn kan nínú wọn. Ó pe ohun tó ń ṣe wọ́n ní ẹ̀gbà tó ń gbọ̀n. Lẹ́yìn rẹ̀ ni dókítà kan ní ilẹ̀ Faransé, Jean-Martin Charcot, fi orúkọ Parkinson sọ àìsàn náà.

Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ibì kékeré kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú. Àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀ ló ń pèsè ohun tí wọ́n ń pè ní dopamine. Òun ni ońṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè ṣe ohun tí a fẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, láìjẹ́ pé à ń ronú sí i. Tí ẹ bá fẹ́ gbé kọ́ọ̀pù, ẹ kàn gbé e ni. Nínú àìsàn yìí, àwọn ẹ̀yà náà ń kú díẹ̀díẹ̀, ońṣẹ́ náà sì ń wọ́n sí i. Ọpọlọ fẹ́ kí ọwọ́ lọ, ọwọ́ gbọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé ibi tí à ń rán an. Kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rárá, púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà wọ̀nyẹn ti lọ.

Ohun mẹ́ta ni dókítà máa ń wò: ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n nígbà tí kò ṣe nǹkan kan, ara tó le gan-an, àti ìṣesí tó falẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní i ni ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹlòmíràn, ìfàlẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Ìgbésẹ̀ á kúrú, apá kan kò ní máa fì mọ́ bó bá ń rìn, ìwé tó ń kọ á máa kéré sí i títí tí kò fi ní ṣe é kà. Nígbà mìíràn, bó bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ á dúró bí ẹni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ojú kò rí pọ̀ ju èyí lọ. Imú lè má gbọ́ òórùn mọ́, tí ọbẹ̀ á jóná lórí sítóòfù tí màmá kò ní mọ̀. Inú á máa kún, ìgbẹ́ á le. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ bó bá dìde lójijì, òòyì á sì gbé e. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè wọlé, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò ní dùn mọ́ ọn mọ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì yìí wà lára àìsàn náà fúnra rẹ̀, torí ọpọlọ kan náà ni. Ẹ má ṣe sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló dín kù.

Kò ràn mọ́ ènìyàn. Kì í ṣe àrùn rọpárọsẹ̀. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí ohun kan pé òun ló fà á. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àjogúnbá wà nínú àwọn ẹbí kan. Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó tán, ṣùgbọ́n oògùn tó ń mú un rọrùn wà, ènìyàn sì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tí a máa ń sọ pé ó jẹ́

Nínú àṣà wa, ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Àìsàn yìí máa ń mú iṣan ojú le, tí ojú kò fi ní rẹ́rìn-ín, tí ìpéǹpéjú kò fi ní ṣẹ́ bó ti yẹ. Ọmọ á wọlé, á ní, "Dádì ń bínú sí mi." Àna á wá kí wọn, á lọ sọ nílé pé wọn kò ká òun kún. Ohùn náà á lọ sílẹ̀, ìdáhùn sí sàlámà kò ní jáde kí oníkíni tó kọjá lọ. Wọ́n á ní Alhaji ti ń gbéraga. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú tí kò rẹ́rìn-ín yìí kì í ṣe ojú ẹni tó ń bínú. Inú rẹ̀ lè máa dùn, kí ó má rí ọ̀nà dé ojú.

Ọwọ́ ọ̀tún ni sunnah ní kí á fi jẹun, ọwọ́ ọ̀tún náà ni Yorùbá fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Bí ti ọ̀tún bá wá ń gbọ̀n débi tí oúnjẹ kò fi dé ẹnu, tí bàbá fi ti òsì gbé ṣíbí, ẹ má wò wọ́n bí ẹni tó ṣẹ̀. Ẹni tó ní ìdí wà lábẹ́ ìyọ̀ǹda.

Ó tún ku èyí tó wúwo jù. Àwọn tó ní àìsàn yìí máa ń pariwo lójú oorun, wọ́n máa ń ju ẹ̀ṣẹ́, wọ́n máa ń ta ìpá, torí ara tó yẹ kó sinmi nígbà àlá kò sinmi. Ilé á dàrú. Wọ́n á ní àwọn ayé ń bá a jà. Nígbà mìíràn, àìsàn náà tàbí oògùn rẹ̀ lè mú kí ó máa rí ènìyàn tí kò sí níbẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á ti sọ pé àlùjọ̀nnú ni. Àwa gbà pé àlùjọ̀nnú wà, Kùránì sọ bẹ́ẹ̀. Àdúà sì dára, ẹ máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, torí àtúnṣe díẹ̀ sí oògùn lè mú un rọlẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún aláìsàn pé kí ó sọ hóró oògùn rẹ̀ nù kí ìwòsàn tó lè jẹ́.

Tí ẹnì kan bá ṣì rò pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ni, kí ó rántí Ànábì Áyúbà, ẹni tí Ọlọ́hun fẹ́ràn tí ó sì ṣàìsàn pẹ́. Kí ó rántí Muhammad Ali pẹ̀lú, akànṣẹ́ tí àwọn òbí wa tú jáde láti wò nígbà tó wá sí Nàìjíríà ní 1964. Ẹni ọdún 42 ni nígbà tí àwọn dókítà sọ fún un ní 1984 pé Parkinson ló ń ṣe é. Ní 1996, ní ìlú Atlanta, òun ni wọ́n fún ní iná láti tan ti ìdíje Olympic. Ọwọ́ tó ti gbá àwọn akọni lulẹ̀ ń gbọ̀n níṣojú gbogbo ayé. Kò fi í pamọ́. Ó gbé iná náà, ó sì tàn án. Títí ó fi kú ní 2016, ẹni ọdún 74, Mùsùlùmí ni.

Oògùn, wèrèpè, àti agogo

Oògùn tí wọ́n ń lò jù ni levodopa. Bó bá dé ọpọlọ, ọpọlọ á sọ ọ́ di dopamine. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílé mọ wèrèpè, ewéko tó ń mú ara yúnni bí iná. Nínú hóró èso rẹ̀ ni levodopa yìí wà. Ṣé ẹ rí iṣẹ́ Ọlọ́hun? Ànábì ti kọ́ wa pé kí á máa wá ìwòsàn, pé Ọba tó sọ àìsàn kalẹ̀ sọ oògùn kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: lẹ́búlẹ́bú wèrèpè tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ìwọ̀n tí a lè gbọ́kàn lé. Bí a bá dà á pọ̀ mọ́ hóró oògùn ilé ìwòsàn, ó lè pọ̀ jù nínú ara. Ẹ bi dókítà léèrè kí ẹ tó fẹnu kàn án. Bákan náà ni àgbo tí ará ilé fi ránṣẹ́. Asofẹ́yẹjẹ, igi tí àwọn oníṣègùn wa ń lò fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ní ohun kan nínú tí wọ́n ń pè ní reserpine. Ohun náà ń gbẹ dopamine inú ọpọlọ dànù. Ẹni tí tirẹ̀ ti dín kù, ẹ má ṣe tún gba ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀.

Agogo ni olórí nínú oògùn yìí. Levodopa kì í pẹ́ nínú ara. Bí àkókò rẹ̀ bá kọjá, ara á le, ẹsẹ̀ á kọ̀, ọ̀rọ̀ àti omi gbígbé mì pàápàá lè ṣòro. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń lò ó lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Bí ènìyàn bá ṣàdédé dá a dúró, ara lè gbóná kọjá àlà, kí iṣan le bí igi, kí ọpọlọ dàrú, ó sì lè já sí ikú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí lónìí, kì í ṣe lẹ́yìn Ìtúnu.

Oúnjẹ náà ní tirẹ̀. Èròjà amúaradàgbà, irú èyí tó wà nínú ẹran, ẹyin, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín àti àkàrà, máa ń du ọ̀nà mọ́ levodopa lọ́wọ́. Nítorí náà, wọ́n sábà máa ń ní kí á lo oògùn ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ. Ẹni tó gbé àwo mọ́ínmọ́ín ìṣínu mì tán kó tó lo oògùn lè máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí oògùn kò ṣiṣẹ́. Òǹgbẹ sì tún ń mú kí ìgbẹ́ le, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, kí ènìyàn sì ṣubú.

Kí ni ẹ̀sìn béèrè?

Nínú Sūratul-Baqarah, ibi tí Ọlọ́hun ti ṣe ààwẹ̀ ní ọ̀ranyàn fún wa gan-an ló ti yọ aláìsàn sílẹ̀. Kò dúró kí á bẹ̀ Ẹ́. Ó sì sọ níbẹ̀ pé ìrọ̀rùn ni Òun ń fẹ́ fún wa, kì í ṣe ìnira. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ á lọ yóò san ọjọ́ náà padà. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kì í lọ yóò máa fún aláìní kan ní oúnjẹ ní ìdíwọ̀n ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí à ń pè ní fidyah. Ààwẹ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Kò kéré sí tiwa.

Mo mọ̀ pé bàbá tó ti gbààwẹ̀ fún àádọ́ta ọdún kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Ojú ń tì wọ́n láti mu omi lọ́sàn-án níwájú ọmọ-ọmọ. Àwọn kan á gba hóró oògùn lọ́wọ́ yín, wọ́n á fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ sọ fún wọn pé Ànábì fi yé wa pé bí ẹrúsìn bá ṣàìsàn, Ọlọ́hun á máa kọ láádá iṣẹ́ rere tó ń ṣe nígbà tí ara rẹ̀ le sílẹ̀ fún un. Àádọ́ta ọdún ààwẹ̀ yẹn kò dúró. Àwọn málàíkà ṣì ń kọ ọ́. Ọwọ́ bàbá ló ń gbọ̀n, gègé tiwọn kò gbọ̀n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sọ fún aláìsàn pé "ẹ gbìyànjú ẹ, Ọlọ́hun á fún yín lágbára," ẹ ṣọ́ra. Ìròyìn kan wà nínú àkójọ Abū Dāwūd nípa ọkùnrin kan tí òkúta bá lórí lójú ìrìn-àjò. Ìwẹ̀ ọ̀ranyàn kàn án, ó sì béèrè bóyá òun lè ṣe táyámọ́mù. Àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní kò sí ààyè. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó bínú, ó ní àwọn ni wọ́n pa á, pé kí ló dé tí wọn kò béèrè nígbà tí wọn kò mọ̀. Kì í ṣe pé àwọn wọ̀nyẹn kò fẹ́ràn ẹ̀sìn. Wọ́n sọ ohun tí wọn kò mọ̀ ni.

A kò sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni tó ní Parkinson tó lè gbààwẹ̀. Ẹlòmíràn wà tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, tí oògùn rẹ̀ kò tíì pọ̀. Irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara náà wà. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ bá dókítà tàbí nọ́ọ̀sì Parkinson rẹ̀ kí oṣù tó dé, kí ó sì bi aáfà tó mọ ẹ̀sìn léèrè. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí àkókò oògùn padà fúnra rẹ̀.

Ìrun àti mọ́sálásí

Ẹni tí kò lè dúró, kí ó kírun ní ìjókòó. Ẹni tí kò lè jókòó, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí i. Bí Ànábì ti kọ́ ẹni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò bá lè forí kanlẹ̀ kí ó tún dìde láìṣubú, kí ó máa tẹrí ba lórí àga. Bí Fàtíhà rẹ̀ kò bá dún sókè, Olùgbọ́ rẹ̀ kì í ṣe adití.

Ẹ̀yin lémọ́mù wa, Ànábì ní kí ẹni tó bá ń ṣáájú ìrun fúyẹ́, torí aláìlera, aláìsàn àti arúgbó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àga wà nílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn lọ́dọ̀ àwọn bàtà, bí kò ṣe ní ìpẹ̀kun ìlà. Ẹ jẹ́ kí ohun tí wọ́n lè dì mú wà níbi àlùwàlá. Bí ẹsẹ̀ bàbá kan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má fà wọ́n, ẹ má tì wọ́n. Ẹ dúró, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kọjá ìlà kan nílẹ̀, tàbí kí wọ́n ka "ọ̀kan, méjì" kí wọ́n tó gbéra. Ìlà tí ojú rí máa ń ran ẹsẹ̀ wọn lọ́wọ́, ìlà kò sì wọ́n lórí kápẹ́ẹ̀tì mọ́sálásí.

Iṣẹ́ ilé fún òní

Yorùbá ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Nínú Sūratul-Isrā’, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti pòṣé lásán sí òbí wa. Ìgbà wo gan-an ni òṣé máa ń bọ́ lẹ́nu ẹni? Nígbà tí mọ́tò ti ń dúró, tí màmá ṣì ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá de bọ́tìnnì. Ibẹ̀ ni ààwẹ̀ ti àwa tí ara wa le wà.

Bí aláìsàn bá wà nílé yín, ẹ kọ àkókò oògùn rẹ̀ sára ògiri lónìí, kí ẹ sì fi fóònù ṣe agogo rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á sí ilé ìwòsàn, ẹ sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé oògùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́. Ẹ ṣírò fidyah rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kalẹ̀, bó tilẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ó bá yín jókòó níbi ìṣínu, kí ó tún ṣe àdúà fún yín. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ìdí tí Bàbá àgbà fi ń jẹun lọ́sàn-án, kí wọ́n má baà rò pé ìtìjú ni. Ẹ rántí ẹni tó ń tọ́jú wọn pẹ̀lú, ìyàwó tàbí ọmọ tí kò sùn lóru. Ẹ gbé oúnjẹ lọ fún wọn, ẹ bá wọn jókòó fún wákàtí kan. Ní Bìrìtéènì, ẹgbẹ́ Parkinson's UK wà tí a lè pè fún ìmọ̀ràn. Parkinson Canada wà ní Kánádà, Parkinson's Foundation sì wà ní Amẹ́ríkà.

Bí kò bá sì sí aláìsàn nílé yín, ṣùgbọ́n tí ẹ ṣàkíyèsí pé ọwọ́ ẹnì kan ń gbọ̀n, tàbí pé apá rẹ̀ kan kò fì mọ́, tàbí pé ìwé tó ń kọ ti ń kéré, ẹ má dákẹ́. Ẹ mú un lọ rí dókítà.

Ọlọ́hun, Ìwọ tó fún Ànábì Áyúbà ní àlàáfíà lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, fún àwọn aláìsàn wa ní ìrọ̀rùn. Gba fidyah wọn bí O ti ń gba ààwẹ̀ wa. Mú ẹsẹ̀ wọn dúró ṣinṣin lórí ilẹ̀ ayé àti lórí Sìráátì. Fún àwọn tó ń tọ́jú wọn ní sùúrù tí kò tán, má sì jẹ́ kí á di ẹni tó ń pòṣé sí òbí rẹ̀. Àmín, yáà Rábbal-‘aalamíìn.

Ẹ kú ìmúra ìṣínu. Wassalaamu alaykum wa rahmatullahi wa barakatuh.